Pápá Ni Ilé Iṣẹ́ Agbábọ́ọ̀lù: Ọkàn Tó Dáṣẹ́ Sílẹ̀ àti Ẹ̀kọ́ Tí Èkó Kò Tíì Kọ́ Tán

Òfin ilé iṣẹ́ kì í ṣe ohun tuntun ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣì wà lórí àléfà, ni wọ́n ṣe òfin tó de àwọn ilé iṣẹ́ tí ń lo ẹ̀rọ. Ní 1987 ni ìjọba ológun tún un ṣe. Ọ̀kan wà nínú àṣẹ òfin náà tí kì í pariwo: gbogbo ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, kí ẹnì kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ sì wà tí àpótí náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ ní òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà kò lè rí àpótí náà láti ìta, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin. Ohun tí òfin ń wí ni pé ẹni tó gba ènìyàn síṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí ìjàǹbá bá dé kó tó máa wá ẹni tí yóò dóòlà ẹ̀mí.

Agbábọ́ọ̀lù tó ń gba owó oṣù, tó fọwọ́ síwèé àdéhùn, tó ń wọ aṣọ tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ fún un, òṣìṣẹ́ ni òun náà. Pápá ni ilé iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn béèrè ohun tó wà létí pápá ní ọjọ́ tí ọkàn òṣìṣẹ́ náà bá dáwọ́ lílù dúró lójijì. Ìtàn bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ní Èkó láti ọdún 1989 ti dáhùn ìbéèrè yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìdáhùn náà kò sì dùn létí.

Ilẹ̀ obì tó di ilẹ̀ ẹ̀rọ

Kí ilé iṣẹ́ tó dé, oko ni Agége. Ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba ibẹ̀ kọjá, àwọn àgbẹ̀ kòkó àti àwọn oníṣòwò obì sì sọ ìlú náà di ọjà ńlá tó so ilẹ̀ Yorùbá pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Haúsá. Ìkẹjà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bọ́ sábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kò sí lábẹ́ Èkó gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yìí ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà ní àwọn ọdún 1950, òun náà ló sì dá ilé ìwòsàn kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1955, èyí tó ti di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó láti 2001. Ilé iṣẹ́ ọtí Guinness bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Dunlop ń ṣe táyà ọkọ̀, Cadbury ń ṣe Bournvita ní Agídíngbì, àwọn aláṣọ, aláwọ̀, oníke àti onípépà sì tò tẹ̀ lé ara wọn. Láti Agége, Ọ̀gbà, Ìju àti Ọ̀ṣọ́dì ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń rọ́ wá láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń padà sí lálẹ́.

Níbi tí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ sí, bọ́ọ̀lù kò lè jìnnà. Ọ̀dọ́ tó gbá mọ́ńkì-póòsì lórí títì ní Agége mọ̀ pé ọ̀nà méjì ló ṣeé ṣe kó gbà di ẹni tí ń gba owó oṣù: kó wọ ilé iṣẹ́, tàbí kó wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Nígbà míì, ọ̀nà méjèèjì a pàdé. Ní àwọn ọdún 1970, 1980 àti 1990, orúkọ iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ńláńlá ń jẹ́. Stationery Stores ti Ísírẹ́lì Adébàjọ́ jẹ́ orúkọ ilé ìtajà ohun ìkọ̀wé. NEPA Lagos jẹ́ ti àjọ iná mànàmáná, ACB Lagos jẹ́ ti báǹkì, Julius Berger jẹ́ ti àwọn tó ń la títì tí wọ́n sì ń kọ́ afárá. Ní Ìbàdàn, Leventis United wà. Ní Gboko, BCC Lions ti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní 1990.

Ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ ni wọ́n, ilé iṣẹ́ ló ń sanwó fún wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìlera, àṣà ilé iṣẹ́ kì í tẹ̀ lé wọn dé pápá. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ ní òfin tó ń ṣọ́ ọ. Agbábọ́ọ̀lù tó wọ aṣọ tí orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà wà láyà rẹ̀, àdúrà ni púpọ̀ nínú ààbò rẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ, 1989

Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè ní Súrùlérè kún àkúnfàya. Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù láti wọ Ife Àgbáyé ti 1990. Samuel Okwaraji wà láàárín pápá. Ọmọ ọdún 25 ni, ọmọ ìdílé kan láti agbègbè Orlu. Amòfin ni, ó kàwé òfin àgbáyé ní Róòmù, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù. Ní ọdún tó ṣáájú, ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Mòrókò, níbi tí góólù tó gbá wọlé Kamẹrúùnù ti mú kí gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n mọ orúkọ rẹ̀.

Nàìjíríà ti ń borí pẹ̀lú góólù kan sí òdo. Eré ti wọ ìdajì kejì, ó ń lọ sópin, nígbà tí Okwaraji ṣubú láìsí ẹni tó fara kàn án. Kò dìde mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, àwọn dókítà rí i pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí àbọ̀ àyẹ̀wò yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àìsàn tó fara pamọ́ fún ẹni tó bá wá a. Okùn roba tí a ń so mọ́ apá, tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré gbogbo láti Agége dé Badagry, ti tó láti fi rí i. Èèyàn tó ń ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀, tó ń sáré fún wákàtí kan àti ààbọ̀, gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọkàn tó wú wọ pápá. Ikú rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará ìlú pé àìsàn wà lára rẹ̀.

Àwọn ará ìlú sunkún. Wọ́n sọ ọ́ di akọni, wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sí pápá náà, ọdọọdún ni àwọn oníròyìn sì ń rántí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ère kò lè tẹ àyà ẹni tó bá ṣubú lẹ́yìn náà. Bí ìlú ṣe ń ṣọ̀fọ̀ akọni rẹ̀ ni ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ń lọ sẹ́yìn: ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà wo, kí sì ló wà létí pápá lọ́jọ́ yẹn?

Ìyẹn nìkan kọ́ ló mú kí ìbéèrè náà rọlẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́ tó lè sáré, tó lè fò, bá ṣubú tó sì kú láìsí ọgbẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rò ni pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ àwọn olọ́fọ̀ ni láti wá ìtumọ̀ sí ohun tó dé bá wọn. Àmọ́ bí a bá ti gbà pé ọ̀tá ló ta ọfà, kò sí ohun tí a tún máa béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tàbí lọ́wọ́ àjọ. Ẹni tí ó yẹ kó dáhùn yóò bá wọn ṣọ̀fọ̀, yóò sì padà sílé rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, pẹ̀lú aṣọ ilé iṣẹ́ lára

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà tún wáyé, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ sì ni ó kàn. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1995, ọjọ́ Sunday, Julius Berger ń bá Maxaquene ti Mòsáḿbíìkì gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Amir Angwe, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà rí, ṣubú lórí pápá, ó sì kú. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà ń bá ìdíje rẹ̀ lọ. Wọ́n dé àṣekágbá, JS Kabylie ti Àlùjíríà sì gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìtàn bọ́ọ̀lù rántí ife náà dáadáa. Orúkọ Angwe kò tàn kálẹ̀ bíi ti Okwaraji, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ tó wà nínú ikú rẹ̀ le jù. Ikú kan lè dà bí àjálù tí kò lẹ́gbẹ́. Bí irú rẹ̀ bá tún wáyé láàárín ọdún mẹ́fà, ó ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ máa retí, ohun tí a bá sì ń retí ni a máa ń múra sílẹ̀ fún.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà

Kí òye ọ̀rọ̀ lè yé gbogbo ènìyàn, ó dára ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Àìsàn kan wà tó jẹ́ pé iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn ló dí; ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti dàgbà, àyà a máa dùn wọ́n, wọ́n sì lè wà láàyè fún wákàtí bíi mélòó kan kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Èkejì ni èyí tó máa ń pa ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù. Iná kan wà nínú ọkàn tó ń sọ fún un ìgbà tí yóò lù. Bí iná yẹn bá dàrú, ọkàn a máa gbọ̀n dípò kó máa lù, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dé ọpọlọ mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹni náà yóò dákú. Ohun tó sábà máa ń fà á ni iṣan ọkàn tó nípọn ju bó ṣe yẹ, tàbí àbùkù tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn, tí kì í hàn lójú.

Oògùn rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù. Ẹni tó bá wà nítòsí gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà, kó máa tẹ̀ ẹ́ gírígírí ní ìwọ̀n 100 sí 120 nínú ìṣẹ́jú kan, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dé ọpọlọ. Nígbà tí ìyẹn ń lọ lọ́wọ́, ẹlòmíràn yóò gbé ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ta ọkàn jí wá. Ẹ̀rọ náà tó ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jáde láti tọ́ ẹni tó ń lò ó sọ́nà. Bí kò bá sí ẹni tó ń tẹ àyà, ìrètí pé ẹni náà yóò yè máa ń dín kù pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá kí iná ẹ̀rọ tó kan ọkàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bùṣe. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tó dára jù lọ kò ṣe ẹni náà láǹfààní bó bá jẹ́ pé ogún ìṣẹ́jú ni yóò gbà láti dé ibẹ̀. Ìwòsàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí koríko.

Ohun tí òfin Ítálì ṣe fún ọmọ Nàìjíríà

Ní 1996, Nwankwo Kanu jẹ́ balógun ẹgbẹ́ tó gba wúrà fún Nàìjíríà ní Atlanta. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Inter Milan ní Ítálì, níbi tí òfin ti pa á láṣẹ láti 1982 pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ díje nínú eré ìdárayá gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò tó kan ọkàn. Àwọn dókítà Inter rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn ọkàn Kanu ní àbùkù. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Cleveland ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti tán fún un, ṣùgbọ́n ó padà sí pápá ní 1997, ó lọ sí Arsenal ní 1999, ó sì tún jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó mókè jù ní Áfíríkà lọ́dún náà. Ní 2000 ló dá àjọ kan sílẹ̀ tí ń rán àwọn ọmọdé tí ọkàn wọn ní àbùkù lọ fún iṣẹ́ abẹ.

Ìrírí Kanu àti ti Okwaraji kò jìnnà síra, ọdún méje péré ló wà láàárín wọn. Ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n mọ bọ́ọ̀lù gbá, àwọn méjèèjì ló sì ní ohun tí ojú kò rí nínú àyà wọn. A kò lè sọ pé àyẹ̀wò ìbá ti mú Okwaraji pẹ́ láyé; ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe ìṣirò. Ṣùgbọ́n ó dájú pé òfin ìlú kan ló fi ipá mú kí wọ́n yẹ ọkàn Kanu wò kó tó di pé ó ṣubú. Àwọn oníwádìí tó ṣírò ọ̀rọ̀ náà ní agbègbè Veneto ní Ítálì rí i pé ikú òjijì lára àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá dín kù pẹ̀lú ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn tí àyẹ̀wò náà bẹ̀rẹ̀.

Ayé jí, ìgbà díẹ̀ díẹ̀

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 2003, Marc-Vivien Foé ti Kamẹrúùnù ṣubú ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, nínú ìdíje FIFA tí gbogbo ayé ń wò. Ó kú. Iṣan ọkàn rẹ̀ ló nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìgbà náà ni FIFA ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ yìí. Kí Ife Àgbáyé 2006 tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, wọ́n yẹ ìlera àwọn agbábọ́ọ̀lù wò. Ní 2013, FIFA pín àpò ìtọ́jú pàjáwìrì tó ní ẹ̀rọ ata-ọkàn-jí nínú fún gbogbo àjọ bọ́ọ̀lù tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ìmúrasílẹ̀ ń mú wá hàn ní London ní oṣù kẹta ọdún 2012. Fabrice Muamba ti Bolton, ọmọ bíbí ilẹ̀ Kóńgò, ṣubú ní pápá Tottenham. Ìṣẹ́jú 78 ni ọkàn rẹ̀ fi kọ̀ láti lù dáadáa. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ méjèèjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, dókítà ọkàn kan tó wá wòran sì fo wọ pápá láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Muamba yè. Ní Copenhagen ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Christian Eriksen ti Dẹ́ńmáàkì ṣubú bákan náà. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀, wọ́n fi iná ta ọkàn rẹ̀, ó sì lajú lórí pápá. Kí ọdún kan tó pé, ó ti padà sídìí bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi sí inú àyà rẹ̀.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ lẹ́yìn odi kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Endurance Idahor kú ní Sùdáànù ní oṣù kẹta ọdún 2010, nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Al-Merrikh. Bobsam Elejiko kú ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ní 2011.

Lafia, 2020

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 2020, ọdún 31 lẹ́yìn Okwaraji, Chineme Martins ti Nasarawa United ṣubú ní Lafia nígbà tí wọ́n ń bá Katsina United gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àgbà. Ó kú. Ìròyìn tó jáde lẹ́yìn náà dá ìbínú sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè: wọ́n ní ọkọ̀ agbóaláìsàn tó wà ní pápá kọ̀ láti ṣíná, ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi gbé e. Àwọn aláṣẹ líìgì kéde lẹ́yìn náà pé eré kankan kò gbọdọ̀ wáyé mọ́ níbi tí ohun èlò ìtọ́jú pàjáwìrì kò bá pé. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àrùn kòrónà fi dá líìgì dúró, gbogbo ìjíròrò sì yí sí àrùn.

Wàhálà irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀yìn òkú ló máa ń wá. Òfin ilé iṣẹ́ yàtọ̀ nítorí pé ó ní olùbẹ̀wò: òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè wọlé láìfini létí, tó lè ní kí wọ́n ṣí àpótí kí òun wo inú rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ pápá wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè ní kí awakọ̀ ṣíná ọkọ̀ náà lójú òun. Ó gbọ́dọ̀ lè wo bátìrì ẹ̀rọ. Bí nǹkan kò bá pé, ó gbọ́dọ̀ lè sọ pé eré kò ní wáyé, kí rẹfirí sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu, bí èrò tilẹ̀ ti kún pápá.

Àyẹ̀wò nìkan kò tó

Àwọn kan ń wí pé bí a bá ti yẹ gbogbo agbábọ́ọ̀lù wò, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwádìí kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 2018 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n yẹ àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù 11,168 wò láàárín ogún ọdún. Wọ́n rí 42 tí àìsàn ọkàn wọn lè pani. Síbẹ̀, nínú àwọn 8 tí àìsàn ọkàn pa lójijì lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò ti sọ fún 6 pé kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Àyẹ̀wò ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n àlàfo ńlá ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tún ti rí i pé àbájáde àyẹ̀wò iná ọkàn àwọn eléré ìdárayá aláwọ̀ dúdú sábà máa ń yàtọ̀ sí ti àwọn aláwọ̀ funfun, láìjẹ́ pé wọ́n ṣàìsàn. Bí ẹni tó ń kà á kò bá mọ èyí, ó lè lé ọmọ tí ara rẹ̀ dá kúrò lórí pápá.

Ìbẹ̀rù ọmọ náà kò sì jẹ́ ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Ọ̀dọ́ láti Agége tí ìyá rẹ̀, àbúrò rẹ̀ àti onílé rẹ̀ ń wo ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ pé ìwé kan láti ọwọ́ dókítà lè pa ìrètí gbogbo wọn. Raphael Dwamena ti Gánà fi èyí hàn lọ́nà tó bani nínú jẹ́. Wọ́n ti rí àìsàn ọkàn rẹ̀, wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí i láyà, ó sì ti ṣubú lórí pápá ní Austria ní 2021. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ náà kúrò, ó sì ń bá bọ́ọ̀lù lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó ṣubú ní Alibéníà, kò sì jí mọ́. Ó rọrùn láti dá a lẹ́bi. Ó ṣòro díẹ̀ láti béèrè ohun tí bọ́ọ̀lù ti pèsè fún ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó má gbá a mọ́. Òfin tó ń san owó ìrànlọ́wọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ti wà ní Nàìjíríà láti 1941, wọ́n sì tún un ṣe ní 1987 àti ní 2010. Bí agbábọ́ọ̀lù bá mọ̀ pé ẹgbẹ́ òun yóò ṣì fún òun ní nǹkan jẹ bí àyẹ̀wò bá dá òun dúró, yóò rọrùn fún un láti na apá rẹ̀ fún dókítà.

Láti Agége sí Ìkẹjà, ìṣẹ́jú mélòó?

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ ní Èkó ti wọlé. Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kò kúrò ní agbègbè náà. Pápá ìṣeré Agége, tí kò tóbi, ni ẹgbẹ́ MFM fi ṣe ilé nígbà tí wọ́n gòkè lọ sí líìgì àgbà ní 2016. Ní sáà 2016/2017, ipò kejì ni wọ́n wà nígbà tí líìgì parí, wọ́n sì díje fún ife ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè náà, ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ wo bọ́ọ̀lù líìgì àgbà.

Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ìkẹjà, ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Orílé-Agége, ọkọ̀ agbóaláìsàn ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 2001. Afárá Pen Cinema, tí wọ́n ṣí ní 2021, dín ìdúró ọkọ̀ kù ní oríta yẹn. Ohun rere ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, ẹni tó mọ ọ̀nà Agége ní ìrọ̀lẹ́ mọ̀ pé kò sí awakọ̀ tó lè ṣe ìlérí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀ ní pápá Agége, ní pápá Agége ni wọn yóò ti jí i, tàbí kí wọ́n má jí i mọ́.

Ohun tí èyí ń béèrè kò kọjá agbára. Ẹ̀rọ kan tí bátìrì rẹ̀ kò kú. Ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹni tí ń kó aṣọ, aṣọ́lé tí kò gbá lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ àyà. Ẹni kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun ni yóò sáré. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣíná rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọọdún fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù, àti àyẹ̀wò iná ọkàn fún àwọn tó ń gba owó oṣù. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣì wà ní Ìkẹjà, tó máa ń fi orúkọ wọn sórí pátákó létí pápá, lè fi ẹ̀rọ kan kún owó pátákó náà.

Kò sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó lè dúró níwájú olùbẹ̀wò ìjọba kó sọ pé Ọlọ́run ni àpótí ìtọ́jú òun. Olùbẹ̀wò yóò ní kó ṣí àpótí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Okwaraji ti ṣubú ní Súrùlérè. Ó tó àkókò kí ẹnì kan dúró létí pápá, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó ní kí wọ́n ṣí tiwọn.